Èbù Inú Eegun: Ìgbìyànjú láti Sọ Sẹ́ẹ̀lì Ìyá-Ẹ̀jẹ̀ Di Púpọ̀ Lóde Ara



Nígbà tí àwọn alábòójútó ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi, kí n sì sọ ọ́ ní èdè Yorùbá, àyà mi já. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń wo ẹ̀jẹ̀ nínú awò amú-nǹkan-tóbi. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ́ gbogbo wọn. Ìyá mi bí ọmọ méje; méjì nínú wọn ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà. Àbúrò mi obìnrin, Dúrójayé, ni ó pẹ́ jù nínú àwọn méjèèjì, ọdún 17 ni ó sì lò. Títí ìyá mi fi kú, n kò lè ṣàlàyé fún un ní èdè tí ó gbọ́ ohun tí ó pa ọmọ rẹ̀ àti ohun tí èmi ń ṣe níbi iṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ẹ gbà pé gbèsè tí mo jẹ ẹ́ ni mo wá san lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí mo jẹ ní gbèsè kò sí níbí mọ́.

Obìnrin kan ni ó mú mi yan kókó ọ̀rọ̀ yìí. Ó wá bá mi ní ọdún tí ó kọjá pẹ̀lú oyún oṣù méje. Àkọ́bí rẹ̀, ọmọkùnrin ọdún 11, ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Òun àti ọkọ rẹ̀, AS ni àwọn méjèèjì. Ó gbé ìwé pélébé kan kalẹ̀ sórí tábìlì mi. Ilé-iṣẹ́ kan ni ó tẹ ìwé náà. Wọ́n ní bí ó bá bímọ, kí ó má ṣe jẹ́ kí wọ́n rì ìwọ́ ọmọ náà mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásán. Kí ó jẹ́ kí àwọn fa ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀, kí àwọn tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù líle, nítorí pé lọ́jọ́ iwájú ẹ̀jẹ̀ náà yóò wo àìmọye àrùn. Owó tí wọ́n bèèrè ju ohun tí ó ń gbà lọ́dún kan lọ. Ó wá bi mí pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n ta ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi?”

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ó padà wá ní ọjọ́ kẹta. Ohun tí mo rò láàárín ọjọ́ mẹ́ta wọ̀nyí ni mo fẹ́ bá yín rò lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú eegun. Gbogbo wa ni a mọ mùdùnmúdùn, ohun rírọ̀ tí ọmọdé máa ń fà mu nínú eegun ẹran lọ́jọ́ ọdún. Ibẹ̀ ni àgbàlagbà ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa, tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ kí ó tó kú. Nítorí náà ara ní láti ṣe tuntun rọ́pò rẹ̀, iye tí ó ń ṣe lójoojúmọ́ sì tó bílíọ̀nù 200. Bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì pupa nìkan ni mo kà yẹn. N kò tíì ka àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí í ṣe ọmọ-ogun ara, tàbí àwọn wóóró kéékèèké tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí ọ̀bẹ bá géni lọ́wọ́. Níbo ni gbogbo wọn ti ń wá?

Ọ̀dọ̀ ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n ti ń wá. Bí a bá ka sẹ́ẹ̀lì 10,000 nínú mùdùnmúdùn, bóyá ni a fi lè rí ẹyọ kan ṣoṣo nínú irú wọn. Mo ti pinnu láti pè é ní sẹ́ẹ̀lì ìyá-ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ onímọ̀ èdè fẹ́ kí n pè é ní “sẹ́ẹ̀lì ìtì”, nítorí pé ìtì igi ni àwọn Òyìnbó wò fi sọ ọ́ lórúkọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ìtì wà nínú igbó. Àwọn Òyìnbó wo igi. Èmi wo iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì náà ń ṣe, iṣẹ́ ìyá sì ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó ń bímọ nìkan ni ìyanu rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó wa iṣu kì í jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní láti ya èbù sọ́tọ̀, kí iṣu lè tún wà ní àmọ́dún. Sẹ́ẹ̀lì ìyá-ẹ̀jẹ̀ ni àgbẹ̀ tí kì í ṣìnà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá pín sí méjì, ó lè jẹ́ kí ọ̀kan di sẹ́ẹ̀lì tí ara yóò ná, kí èkejì sì wà bí ìyá rẹ̀, èbù fún ọjọ́ mìíràn. Báyìí ni ó ń ṣe títí ọjọ́ alẹ́ ẹni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ èbù yìí sọ́kàn, nítorí pé òun gan-an ni ó sọ iṣẹ́ yàrá ìwádìí di òkè ìṣòro.

Bí ayé ṣe mọ̀ pé irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ wà kò dùn ún gbọ́. Nígbà tí wọ́n ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí Hiroshima àti Nagasaki ní ọdún 1945, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí iná kò jó, tí ògiri kò wó lù, bẹ̀rẹ̀ sí kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìtànṣán bọ́ǹbù náà ti pa mùdùnmúdùn wọn. Àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun tí a lè fi gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ là. Ní ọdún 1949 Leon Jacobson ní Chicago fi òjé bo ọlọ-inú àwọn èkúté kí ó tó fi ìtànṣán sí wọn lára, àwọn èkúté náà kò sì kú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n rí i pé bí a bá fa mùdùnmúdùn èkúté mìíràn sí ara èyí tí ìtànṣán ti bà jẹ́, yóò yè. Ní ọdún 1957, E. Donnall Thomas ní Amẹ́ríkà sọ bí òun ṣe dán an wò lára àwọn aláìsàn mẹ́fà. Kò sí èyí tí ó yè pẹ́ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀; òun kò fi sílẹ̀. Ní ọdún 1990 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ohun tí James Till àti Ernest McCulloch ṣe ní Toronto ní ọdún 1961 ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí, nítorí pé ohun tí ojú lè rí ni. Wọ́n fi ìtànṣán pa mùdùnmúdùn èkúté, wọ́n fa mùdùnmúdùn tuntun sí wọn lára, wọ́n dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n la inú wọn, wọ́n bá kókó wúúwú lára ọlọ-inú. Bí iye sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fà sí èkúté bá ti pọ̀ tó ni iye kókó náà ń pọ̀ tó. Ní ọdún 1963, àwọn àti Andrew Becker fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan ṣoṣo ni ó bí gbogbo ohun tí ó wà nínú kókó kan, pupa àti funfun. Láti ìgbà náà ni a kò ti máa méfò mọ́.

Bí mùdùnmúdùn ẹlòmíràn bá lè gba ènìyàn là báyìí, kí ni ó dé tí a kò fi lè gba ti ẹni tí a bá rí? Ilà ni ìdí rẹ̀. Láyé àtijọ́, bí ogun bá túká, ilà ojú ni a fi ń mọ ẹni tí í ṣe ẹni wa. Sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú kọlà. Jean Dausset ní ilẹ̀ Faransé ni ó kọ́kọ́ rí ilà náà ní ọdún 1958. Ìdajì ilà yìí ni a ń jogún lọ́dọ̀ bàbá, ìdajì lọ́dọ̀ ìyá, nítorí náà ìrètí pé ilà ọmọ ìyá ọmọ bàbá ẹni yóò bá tiwa mu pátápátá jẹ́ 1 nínú 4. Bí ilà kò bá dọ́gba, ohun méjì ni ó lè ṣẹlẹ̀. Ara onílé lè lé àlejò jáde. Èkejì ni ó burú jù: àwọn ọmọ-ogun tí ó bá mùdùnmúdùn àlejò wá lè dìde sí onílé, kí wọ́n máa bó awọ rẹ̀, kí wọ́n máa ba ìfun àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Àlejò tí ó wá tún ilé ṣe ni ó wá ń jó ilé yẹn.

Ẹni tí kò ní ọmọ ìyá tí ilà wọn dọ́gba lè wá a lọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn. Ní Amẹ́ríkà, iye tí wọ́n máa ń sọ ni pé nínú 100 aláwọ̀ funfun, 79 ni ó lè rí ẹni tí ilà wọn dọ́gba níbẹ̀. Nínú 100 aláwọ̀ dúdú, 29 péré. Ìdí méjì ni: ilà àwa ọmọ Áfíríkà pọ̀ ní oríṣiríṣi ju ti ẹ̀yà mìíràn lọ, iye wa tí a kọ orúkọ sílẹ̀ sì kéré. Seun Adebiyi, tí ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní Yale, tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sì mú, rí ìṣòro yìí lójú ara rẹ̀. Òun ni ó ṣe okùnfà àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Enugu ní ọdún 2012.

Kí ni èyí kan fòníkú-fọ̀ladìde? Nínú ọmọ 100 tí a bí ní Nàìjíríà, nǹkan bí méjì ni ó ní àrùn náà, nínú ènìyàn mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ni ó jẹ́ AS. Vernon Ingram ni ó fi hàn ní Cambridge ní ọdún 1957 pé ìyípadà kékeré kan ni ó fa gbogbo rẹ̀. Okùn kan wà nínú ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yọ 146 ni ó so pọ̀ di okùn náà bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ̀yọ kẹfà nìkan ni ó yàtọ̀. Nítorí ẹ̀yọ ìlẹ̀kẹ̀ kan yìí, sẹ́ẹ̀lì tí ó yẹ kí ó rí roboto a tẹ̀ bí dòjé, a dí ojú iṣan, ọmọ a sì máa kígbe eegun lóru. Orúkọ tí bàbá mi sọ àbúrò mi fi hàn pé wọ́n ti fura pé kò ní pẹ́. Ilé wa nìkan kọ́; Málọmọ́, Kòkúmọ́ àti Bánjókòó pọ̀ ní àdúgbò wa nígbà náà. N kò sọ pé gbogbo àbíkú ni ó jẹ́ SS, nítorí ibà àti ìgbóná náà pa ọmọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí mo bá rí sẹ́ẹ̀lì bí dòjé lábẹ́ awò, orúkọ wọ̀nyí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ní Memphis, ọmọbìnrin ọdún 8 kan tí ó jẹ́ SS ni jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tún mú. Wọ́n fún un ní mùdùnmúdùn ọmọ ìyá rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ náà. Ní ọdún 1984 ni wọ́n kọ ìròyìn rẹ̀: jẹjẹrẹ lọ, fòníkú-fọ̀ladìde náà bá a lọ. Kò sí ẹni tí ó pète èyí kejì. Ó bọ́ sí wa lọ́wọ́ ni. Ní ọdún 2011, ilé-ìwòsàn Yunifásítì ìlú Benin ṣe irú rẹ̀ fún ọmọdékùnrin kan, àkọ́kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Nítorí náà a mọ̀ pé ó ṣe é ṣe. Ohun tí ó kù ni sẹ́ẹ̀lì tí yóò tó, tí ilà rẹ̀ yóò sì gbà.

Ibí ni ìwọ́ ti wọ inú ọ̀rọ̀. Nígbà tí a bá bí ọmọ, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ a máa ṣẹ́ kù sínú ìwọ́ àti ibi-ọmọ, kò sábà ju ife tíì kan lọ. Sẹ́ẹ̀lì ìyá-ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1988, Eliane Gluckman ní Paris fi ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ jòjòló kan tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọkùnrin ọdún 5 tí ó wá láti North Carolina. Hal Broxmeyer ní Indiana ni ó ti bá wọn fi ẹ̀jẹ̀ náà sínú òtútù kí wọ́n tó gbé e kọjá òkun. Ọmọ náà yè. Ohun tí ó tún dára nínú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ni pé àwọn ọmọ-ogun inú rẹ̀ kò tíì ja ogun kankan rí. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, wọn kì í tètè bínú sí onílé. Bí ilà kò bá tilẹ̀ dọ́gba pátápátá, a ṣì lè lò ó.

Ṣùgbọ́n ó kéré. Ìdá mẹ́wàá ohun tí a lè rí fà nínú mùdùnmúdùn ni sẹ́ẹ̀lì tí ó wà nínú ìwọ́ kan. Ó lè tó ọmọdé. Kò sábà tó àgbàlagbà. Bí wọ́n bá sì fún àgbàlagbà ní èyí tí kò tó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò fi wà láìní ọmọ-ogun nínú ara, àrùn tí kò tó nǹkan lè pa á láàárín ìgbà náà. Àìtó yìí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ máa bi ara wọn pé: ṣé a kò lè gba ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì yìí, kí a fi oúnjẹ bọ́ ọ nínú ìgò, kí ó di púpọ̀ kí a tó fi fún aláìsàn?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹnu dùn ún rò ẹ̀fọ́. Ní ọdún 1966 Ray Bradley àti Donald Metcalf ní Melbourne mú kí sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn hù lórí ohun rírọ̀ bí ẹ̀kọ mímu tí ó dì. Ìdùnnú ṣubú layọ̀, àfi ìgbà tí wọ́n wò ó dáadáa: àwọn ọmọ ni ó hù, ìyá kọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ́n ti gbó, wọ́n ti kú. Michael Dexter ní Manchester sún ọ̀rọ̀ náà síwájú ní ọdún 1977. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí ń gbé inú mùdùnmúdùn tẹ́ ara wọn sí ìdí ìgò bí ẹní, kí ó tó kó àwọn ìyá sórí wọn. Wọ́n wà láàyè fún oṣù mélòó kan. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ̀ pé ìyá kò lè dá gbé. Ó ní ilé, ó ní àwọn ará ilé tí ń sọ fún un pé kí ó má tíì bímọ gbogbo.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n rí àwọn ohun tí ara fi ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó pọ̀ sí i. Wọ́n rọ́ ọ sínú ìgò. Sẹ́ẹ̀lì pọ̀, ó di ọgọ́rùn-ún ìlọ́po; ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wá ìyá láàárín wọn, kò sí. Àgbẹ̀ ti kó èbù pọ̀ mọ́ iṣu, ó ti se gbogbo rẹ̀ jẹ. Ìtìjú tí ó tún wà níbẹ̀ ni pé ojú kò lè fi ìyá mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ rẹ̀. Àwọn àmì kan wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ìgò àmì náà lè wà kí ìyá má sí. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó dájú ni kí a fà á sí ara ẹ̀dá tí kò ní mùdùnmúdùn mọ́, kí a dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí a wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní gbẹ. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí fi ń falẹ̀. Èmi gan-an ti fi ọdún méjì ṣe ọ̀sìn tí mo rò pé ó yọrí sí rere, kí àwọn èkúté mi tó bẹ̀rẹ̀ sí kú lọ́kọ̀ọ̀kan ní oṣù kẹrin.

Láti nǹkan bí ọdún 15 sẹ́yìn ni ilẹ̀ ti ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ́ Guy Sauvageau ní Montréal yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èròjà wò, wọ́n sì rí ọ̀kan tí wọ́n sọ ní UM171, tí ń dá ìyá dúró kí ó má bàa gbàgbé ara rẹ̀; ọdún 2014 ni wọ́n kéde rẹ̀. Ní ọdún 2025, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ tí wọ́n fi èròjà náà bọ́ fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Àwọn mìíràn lo nicotinamide, tí ó jẹ́ irú fítámì B3 kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n dán tiwọn wò lára aláìsàn 125. Àwọn tí ó gba ìwọ́ tí a bọ́ rí ọmọ-ogun tuntun nínú ara wọn ní nǹkan bí ọjọ́ 12. Fún àwọn tí ó gba ìwọ́ lásán, nǹkan bí ọjọ́ 22 ni. Ọjọ́ mẹ́wàá kò jọ nǹkan létí ẹni tí kò dùbúlẹ̀ nínú yàrá àdágbé rí. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin ọdún 2023.

Èyí tí ó pa mí lẹ́rìn-ín nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Adam Wilkinson, Hiromitsu Nakauchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Stanford àti Tokyo. Gbogbo ayé ni ó ń fi álúbúmìnì, ohun kan tí ó wá láti inú omi ẹ̀jẹ̀, sí oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì. Àwọn wọ̀nyí fura pé àwọn ìdọ̀tí kéékèèké tí ó so mọ́ álúbúmìnì ni ó ń ti ìyá láti di ọmọ. Wọ́n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n fi polyvinyl alcohol rọ́pò rẹ̀, ohun tí ó wà nínú gọ́ọ̀mù tí ọmọ ilé-ìwé fi ń lẹ bébà. Láàárín oṣù kan, ìyá-ẹ̀jẹ̀ èkúté di ìlọ́po tí ó ju 200 lọ; nínú ìgò mìíràn ó sún mọ́ 900. Ọdún 2019 ni wọ́n kéde èyí. Wọ́n tún rí ohun kan tí ó mú mi dìde lórí àga mi nígbà tí mo kà á: nítorí pé sẹ́ẹ̀lì náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ráyè wọlé sí ara èkúté tí wọn kò fi májèlé tàbí ìtànṣán pa mùdùnmúdùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ rántí pé májèlé ìpalẹ̀mọ́ yìí ni ó ń pa àwọn kan nínú aláìsàn wa, òun ni ó sì ń gba ọmọ bíbí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ tí ó yè. Ṣùgbọ́n èkúté ni. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kò gbọ́ràn sí oúnjẹ kan náà. Ọdún 2023 ni irú ìlànà bẹ́ẹ̀ tí ó bá ti ènìyàn mu tó jáde, kò sì tíì di ìtọ́jú.

Ọ̀nà kejì wà tí kò béèrè ìwọ́ rárá. Shinya Yamanaka ní Jàpáánì fi hàn ní ọdún 2006 lára èkúté, àti ní 2007 lára ènìyàn, pé a lè mú sẹ́ẹ̀lì awọ kí a dá a padà sí bí ó ti rí kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí pín iṣẹ́. Bí a bá wá lè ti inú ìyẹn ṣe ìyá-ẹ̀jẹ̀, ilà aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò ní. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Elizabeth Ng, Ed Stanley, Andrew Elefanty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Melbourne sọ pé àwọn ti ṣe é, ó sì fìdí múlẹ̀ nínú èkúté. Níbi tí ó ti dára jù, nínú èkúté 100, 25 sí 50 ni ó gbà á. Iṣẹ́ ńlá ni. N kò rò pé èmi yóò rí i ní ilé-ìwòsàn wa kí n tó fẹ̀yìn tì.

Àwọn kan yóò sọ pé a ti rí ìwòsàn tí ó ju gbogbo èyí lọ, pé ní òpin ọdún 2023 Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tí a fi ń tún àbùdá inú ìyá-ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe. Òótọ́ ni. Iye tí wọ́n fi lé e lórí ní Amẹ́ríkà jẹ́ dọ́là mílíọ̀nù 2.2 fún ẹnì kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ sí náírà níwájú yín. Ìtọ́jú náà pẹ̀lú ń jìyà ohun tí a ń sọ yìí: ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń fa sẹ́ẹ̀lì lára aláìsàn kí ó tó tó, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè mú díẹ̀ kí ó sọ ọ́ di púpọ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ obìnrin náà. Ní ọjọ́ kẹta, mo mú bébà, mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Bí ọmọ inú rẹ̀ bá jẹ́ SS, ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ rẹ̀ náà jẹ́ SS; kò lè wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì lè wo òun fúnra rẹ̀. Ìrètí pé kò ní jẹ́ SS jẹ́ 3 nínú 4. Ìrètí pé ilà rẹ̀ yóò bá ti ẹ̀gbọ́n mu jẹ́ 1 nínú 4. Ibi tí àbùdá méjèèjì wà kò sún mọ́ ara wọn, nítorí náà ìrètí pé a ó rí méjèèjì pọ̀ jẹ́ 3 nínú 16. Bí ó bá sì bọ́ sí 3 yìí, ọmọ náà kò ní sá lọ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ òun fúnra rẹ̀ lè fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní mùdùnmúdùn tí yóò pọ̀ ju ti ìwọ́ lọ. Mo tún sọ fún un nípa ọ̀nà tí wọ́n ṣe ní Baltimore, tí a fi lè lo ìyá tàbí bàbá tí ìdajì ilà rẹ̀ péré bá ti ọmọ mu, pẹ̀lú oògùn àtijọ́ kan, cyclophosphamide, tí a ń fún aláìsàn lẹ́yìn àtúngbìn kí àlejò má bàa bá onílé jà. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2025, nǹkan bí 95 nínú 100 àgbàlagbà SS tí ó gba irú rẹ̀ ni ó wà láàyè lẹ́yìn ọdún méjì. Ìyá tí ó jẹ́ AS lè ṣe é. Mo ní, “Ìyá wa, inú eegun yín ni òtútù tí ẹ fẹ́ fi ilẹ̀ rà wà.” Mo ní kí ó fi owó ra oògùn hydroxyurea àti pẹnisílíìnì fún ọmọkùnrin náà déédéé, kí ó sì mú un lọ fún àyẹ̀wò iṣan ọpọlọ kí rọpárọsẹ̀ má bàa mú un.

Ìmọ̀ràn tí mo fún un nìyẹn, mo sì gbà pé ó tọ́ pẹ̀lú ohun tí a mọ̀. Ṣùgbọ́n níwájú yín, n kò ní ṣe bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí ohun tí wọ́n ṣe lára èkúté ní 2019 bá ṣe é ṣe fún ènìyàn ní ọdún mẹ́wàá sí i, ìwọ́ kékeré kan tí ilà rẹ̀ kò tilẹ̀ dọ́gba lè tó láti fi wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan láìsí májèlé. Ní ọjọ́ náà, ẹni tí ó fi ìwọ́ pamọ́ yóò ní ohun tí ẹni tí ó rì í mọ́lẹ̀ kò ní. Mo fi ilẹ̀ tí ó wà lónìí wé ìgò tí ó lè wà lọ́la, mo sì yan ilẹ̀. Ohun tí kò yẹ kí ó jẹ́ yíyàn rẹ̀ nìkan ni èyí. Bí a bá ní ilé ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ tí ó jẹ́ ti gbogbo ará ìlú, tí ẹnikẹ́ni lè yọ̀ǹda sí láìsanwó, ilà tiwa ni yóò kún inú rẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò máa ta ogún bàbá rẹ̀ nítorí 3 nínú 16. Àwọn aláṣẹ tí ó wà níbí lónìí mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo sọ ọ́.

Obìnrin ni ó bí. AS ni ọmọ náà. Bàbá àgbà rẹ̀ rì ìwọ́ rẹ̀ sí ìdí igi obì lẹ́yìn ilé, lórí ilẹ̀ tí wọn kò tà. Ní oṣù tí ó kọjá a yẹ ilà àwọn ọmọ méjèèjì wò: ìdajì ni ó bára mu. Ọmọkùnrin náà ti ń lo oògùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìrora sì ti gbé e wá sílé-ìwòsàn láàárín ìgbà náà. Ó bi mí bóyá òun lè máa ṣe aṣọ́lé nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ilé-ìwé wọn. Mo ní kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó sì jáde bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́.